Omi Tó Mọ́ Jù

Ẹja mọ́kànlá ló léfòó ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, gbogbo wọn kọ ikùn sókè, ojú wọn là rekete. Ikú ẹja kì í ṣe ohun àrà. Ohun tó kan ẹsẹ̀ Má-kánjú mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ ni omi tí wọ́n kú sí. Omi náà mọ́. Ó mọ́ débi pé obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà kọ́kọ́ rò pé àpótí gíláàsì ọ̀hún ṣófo, pé ńṣe ni àwọn ẹja so rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ lásán. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó la omi náà já, ó sì ta ìmọ́lẹ̀ tó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ sára ògiri òdìkejì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Má-kánjú ti fi ń tọ ipasẹ̀ ọ̀daràn. Ó ti rí òkú nínú igbó, ó ti rí òkú lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì rí ibi tí ikú ti lẹ́wà báyìí rí.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni obìnrin tó ni ilé sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Ní ọjọ́ Ajé, bí omi ẹ̀fọ́ tí wọ́n fọ̀ ni omi yìí rí, ewé ló kù kí n máa já nínú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan náà ni mo da oògùn sí i, ó sì di búlúù bí aró. Ẹ wá sọ fún mi, màmá. Ibo ni àwọ̀ ewé lọ? Ibo ni aró lọ?"

Ìyá Agbẹ̀bí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ kò sí ojúlé kan lórí òpópónà yẹn tí kò ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà á wá sáyé. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe awò ojú nígbà ayé rẹ̀. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gé gíláàsì àpótí náà, ó gùn tó bẹ́ẹ̀dì ọmọdé, òun ló sì to àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó gbé e dúró. Nígbà tó kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, Ìyá Agbẹ̀bí ti kọ́bọ́ọ̀dù náà pa, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yẹ ohun tí olóògbé tò.

Nínú igun àpótí, ohun kan mì. Ẹja wúrà ńlá kan ló fara ti gíláàsì, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná. Gbogbo ara rẹ̀ rí tótótó funfun, bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i. Ó ń mí kíákíákíá. Kékeré méjì tún wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Baba Àgbà nìyẹn," ni Ìyá Agbẹ̀bí sọ, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà pẹ̀lú wa. Ó kéré ju ìka ọwọ́ mi lọ nígbà tí ọkọ mi gbé e wálé. Tí ìyẹn náà bá kú..."

"Ta ni ẹ fura sí?"

"Mi ò fura sí ẹnikẹ́ni. Mo mọ ẹni tó ṣe é. Àbúrò ọkọ mi ni, télọ̀ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé. Àwọn èèyàn yín ti mú un lọ ní àárọ̀ yìí."

Ó sọ ẹ̀rí tó ní, ó ń ka ìka bó ṣe ń sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òun àti télọ̀ jà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yìí, ó sì pariwo lójú gbogbo èèyàn pé, "Tí ẹ kò bá gbà fún mi, gbogbo ẹja yìí á kú!" Ní ọjọ́ Ajé, òun lọ ra oògùn àrùn tótótó yẹn fún ẹja, télọ̀ nìkan ló kù sílé. Nígbà tó máa fi di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojú télọ̀ ti wú, kò lè là á, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n wẹ̀ẹ̀.

"Májèlé tó dà sínú omi mi ló ta sí i lójú. Ọlọ́run ló mú un fún mi." Ó nu imú rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, ọkọ mi kékeré ni mo ń pè é. Láti àárọ̀ òní, kò lórúkọ lẹ́nu mi mọ́."

Má-kánjú ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì gbé awò ojú rẹ̀ sọ́wọ́.

*

Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Má-kánjú kò ju pé nígbà tí àwọn yòókù bá ń sáré, òun á jókòó. Ó jókòó sórí ilẹ̀ pálọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí fún bíi ìdajì wákàtí, ó ń wo àpótí ẹja bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun.

Ó lọ sílé ìdáná. Ìgò bílíìṣì kan wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ dé ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká bí ẹni rí wúrà. Má-kánjú gbé e, ó wo ẹnu rẹ̀. Wọn kò tíì ṣí i rárá. Ó padà sí pálọ̀, ó gbóòórùn omi náà. Kò rùn, kò ta, kò ní nǹkan kan nínú.

"Ìyá, ṣé ẹ rí àwọn ìgbín wọ̀nyí?"

Ìgbín omi kéékèèké bíi mẹ́wàá ń gun gíláàsì, wọ́n ń jẹun lọ bí ẹni tí kò sí wàhálà láyé.

"Wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́."

"Mo mọ̀. Èwo wá ni májèlé tó pa ẹja mọ́kànlá, tó wá dá ìgbín sí?"

Ìyá Agbẹ̀bí wo ìgbín.

"Ẹ jẹ́ kí n rí oògùn tí ẹ dà sí i."

Ìgò kékeré kan ni. Bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún un? Má-kánjú kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sínú ife omi. Búlúù náà tú jáde bí èéfín, ó nà, ó yí, ó sì gba gbogbo ife kan. Ẹ̀kán mìíràn bọ́ sórí èékánná rẹ̀. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò lọ. Oògùn tó lágbára tó báyìí, tí wọ́n dà tó ṣíbí mẹ́fà sínú omi, báwo ló ṣe wá pòórá láàárín ọjọ́ márùn-ún láìfi àbààwọ́n kan sílẹ̀?

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, télọ̀ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ká ọwọ́ lé itan. Ẹni bí ọdún márùndínláàádọ́ta ni, ó tín-ín-rín, abẹ́rẹ́ méjì ṣì wà lára kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ bí ìṣe àwọn télọ̀. Ojú rẹ̀ ti là. Kí Má-kánjú tó jókòó ló ti sọ̀rọ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, màmá. Èmi ni mo pa wọ́n."

Ọ̀gá àgọ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ó parí! Ọjọ́ Ajé, ilé ẹjọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ gidi nílẹ̀ láti ṣe ju ti ẹja lọ."

"Ọ̀gá, ẹ má kánjú." Má-kánjú fa àga súnmọ́ bẹ́ǹṣì. "Kí lẹ fi pa wọ́n?"

"Mo ní èmi ni."

"Mo gbọ́ ìyẹn. Ẹni tó bá pa ẹran á mọ ọ̀bẹ tó fi pa á. Bílíìṣì ni?"

"Rárá."

"Oògùn eku?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹja ẹ̀gbọ́n mi?" Ó ti sọ ọ́ kó tó rántí pé ọ̀daràn lòun. Ó tún sorí kọ́. "Ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni."

Má-kánjú na ọwọ́, ó gba ọwọ́ rẹ̀ mú bí ìyá tó fẹ́ wo egbò ọmọ. Ẹ̀yìn ọwọ́ náà ń bó féléfélé bí èèpo àlùbọ́sà, ara tuntun sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì náà bó bẹ́ẹ̀, àfi ibi tí aago ń wà. Ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún bó, àfi ibi tí òrùka irin tí àwọn télọ̀ fi ń ti abẹ́rẹ́ máa ń wà. Ojú ààlà náà gún gẹ́rẹ́gẹ́, bí ẹni pé wọ́n fi rúlà àti ṣọ́ọ̀kì fà á.

Ó wo ààlà yẹn pẹ́. Omi kì í bọ̀wọ̀ fún òrùka. Bí májèlé bá ta sí ọwọ́, á ṣàn, á yọ́ wọ abẹ́ aago, á wá ibi tó sá pamọ́ sí. Kí ni ohun náà tó ń jó èèyàn, àmọ́ tí kò lè gba abẹ́ òrùka kọjá?

"Nígbà wo ni ojú yín bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín ní ọjọ́ Ajé?"

"Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ó dà bíi pé ẹnì kan bu yanrìn sí mi lójú. Mo rò pé mo ti fọ́jú. Mo ní iṣẹ́ mi ti tán nìyẹn."

"Ní ọ̀sán ńkọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan ní ọ̀sán."

"Nísinsìnyí?"

"Ó ti lọ. Ní Ọjọ́rú ló lọ."

Má-kánjú fa òwú kan yọ nídìí apá ẹ̀wù rẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ kan lára kọ́là télọ̀, ó fi méjèèjì lé e lọ́wọ́. Télọ̀ gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó fi òwú bọ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìfi itọ́ rọ̀ ọ́.

"Ọ̀gá," ni Má-kánjú sọ, "ẹ bá mi tọ́jú bàbá yìí dáadáa. Ẹ fún un ní tíì. Ó ń parọ́ fún wa, àmọ́ irọ́ ẹni rere ni."

*

Wẹ́dà kan ló ní ṣọ́ọ̀bù ní ìkángun òpópónà, òun náà sì wà lára àwọn tó jẹ́rìí pé àwọn gbọ́ ariwo ìjà. Ẹlẹ́sẹ̀ ńlá ni, ẹlẹ́rìn-ín ńlá. Nígbà tí Má-kánjú dé, ó ń jó férémù géètì kan, iná funfun ń fò káàkiri. Kò ì tíì sún mọ́ ọn tán tí wẹ́dà fi kígbe.

"Ẹ yíjú kúrò, màmá! Ẹ má wo iná náà!"

Má-kánjú yíjú kúrò, ó dúró. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín fún ara rẹ̀.

"Tí mo bá wò ó ńkọ́?"

Wẹ́dà pa iná, ó ṣí dígí dúdú kúrò lójú. "Tí ẹ bá wò ó, ẹ kò ní mọ̀. Ibẹ̀ ni ìkà rẹ̀ wà. Ẹ ó lọ sílé, ẹ ó jẹun, ẹ ó ṣàwàdà. Tó bá tó wákàtí mẹ́fà, mẹ́jọ, ẹ ó máa ké pé wọ́n da yanrìn sí yín lójú. Gbogbo wa la ti jẹ ẹ́ nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ó ti lọ. Àmọ́ kò ṣeé fi ṣeré o. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ lemọ́lemọ́, ojú rẹ̀ á bàjẹ́."

"Ara náà máa ń bó?"

"Bí ejò tó ń bọ́ awọ! Àfi ibi tí ìbọ̀wọ́ bá bò." Ó na apá rẹ̀ jáde. Àpá funfun àti dúdú wà lára rẹ̀, ààlà rẹ̀ gún gẹ́rẹ́gẹ́.

Má-kánjú mí kanlẹ̀. Omi kò ní òjìji. Ìmọ́lẹ̀ ló ní òjìji. Ohun tó jó télọ̀ kò ta sí i lára. Ńṣe ló tàn sí i lára.

"Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ bá mi ronú. Wẹ́dà wo ló lè wà nínú àpótí ẹja?"

Wẹ́dà fi ẹ̀rín bú. Nígbà tó rí i pé obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ó gbé dígí dúdú rẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

*

"Ẹ bá mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yìí, Ìyá."

Ìyá Agbẹ̀bí fọwọ́ bo kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀. "Ẹ̀yin náà? Mo ní kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ṣí i. Láti ọdún méjì."

"Ẹ wá wo nọ́ọ̀tì tó mú ilẹ̀kùn yìí mọ́ra."

Orí nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ní ojú ìhà tuntun, ó ń dán yanranyanran níbi tí irin ti ha wọ́n. Ẹnì kan ti tú ilẹ̀kùn náà láìlo kọ́kọ́rọ́, ó sì ti dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá Agbẹ̀bí wò ó, ó mi orí, ó tú okùn ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ tó ti gba ọmọ tí kò lóǹkà ló fi yí kọ́kọ́rọ́.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù dákẹ́, àfi ẹ̀rọ tó ń fa omi tó ń kùn jẹ́jẹ́. Omi ń ti inú àpótí bọ̀ wálẹ̀, ó ń gba inú asẹ́ kọjá, ó wá ń wọ inú páìpù dúdú kan tó gùn tó apá, kó tó padà sókè. Ojú ihò kékeré kan wà lára páìpù náà, wọ́n fi ike tó mọ́ gaara bò ó. Ìmọ́lẹ̀ búlúù kan ń tàn níbẹ̀, ó tutù, ó jinlẹ̀, kò jọ iná kankan tí Má-kánjú ti rí rí. Ó dà bí ojú ẹ̀dá kan tó ń sùn tí kò pa ojú dé.

Wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí rí ìwé náà, ó sì jókòó lulẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀ ni. Òkè rẹ̀ kà pé: *Gílóòbù tuntun. Lọ́dọọdún. Á ṣì máa tàn, àmọ́ agbára rẹ̀ á ti lọ.* Ọjọ́ oṣù tẹ̀ lé e, ọ̀kan fún ọdún kan, méje lápapọ̀. Èyí tó kẹ́yìn ti lé ní ọdún méjì. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ òfèéfèé kọ ọjọ́ kẹjọ.

"Ọjọ́ Ajé tó kọjá," ni Má-kánjú kà. "Ta ló ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé nínú ilé yìí, Ìyá?"

Omijé ti ń bọ́ lójú Ìyá Agbẹ̀bí. "Òun ni. Ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fa ìlà sára aṣọ ni."

"Ó dáa. Mo fẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun méjì."

Wọ́n pọn omi kan náà sínú méjèèjì, wọ́n kán oògùn kan náà sí i, ẹ̀kán kan náà. Má-kánjú ní kí wẹ́dà wá bá wọn yọ ẹ̀rọ náà láti ìdí àpótí ẹja. Wẹ́dà pa iná rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, ó so ó mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ó rí i pé páìpù dé pinpin, kó tó wá tan án. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì kò ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn, Má-kánjú ní kí Ìyá Agbẹ̀bí tún da oògùn tuntun sínú àpótí Baba Àgbà.

"Èyí tí mo dà tẹ́lẹ̀ kò ràn án."

"Èyí tí ẹ dà tẹ́lẹ̀ kò pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ṣe bí ẹ ti máa ń sọ fún àwọn aboyún."

"Kí ni mo máa ń sọ fún wọn?"

"Pé kí wọ́n dúró."

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Má-kánjú mú télọ̀ àti ọ̀gá àgọ́ wá. Wẹ́dà ti wà níbẹ̀, kò fẹ́ kí nǹkan kan kọjá òun.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì wà láàárín pálọ̀. Èyí tí kò ní ẹ̀rọ ṣì dúdú búlúù bí ìrọ̀lẹ́. Èyí tí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀ ti mọ́, gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn, èèyàn lè ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ìdí ike náà. Ọ̀gá àgọ́ yọ fìlà rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó yọ ọ́.

"Ta ló gbé àwọ̀ rẹ̀ lọ?" ló béèrè ní ohùn kékeré.

"Ìmọ́lẹ̀." Má-kánjú yíjú sí télọ̀. "Ẹ ṣàlàyé fún wa. Ẹ̀gbọ́n yín ló kọ́ yín."

Télọ̀ wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Gílóòbù inú páìpù yẹn ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí. Búlúù tí à ń rí yìí, ó kàn ń bá a rìn ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun yòówù tó kéré tó ń léfòó nínú omi, tó bá ti gba iwájú rẹ̀ kọjá, kò lè bí sí i mọ́. Ohun tó ń sọ omi di ewé, ìmọ́lẹ̀ náà ló ń pa á. Nígbà ayé ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí omi yìí kì í dọ̀tí? Gílóòbù náà gbó, ìyàwó wa ò gbà kí n pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní ẹja á kú tó bá rí bẹ́ẹ̀. Mi ò lérí o, ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Lẹ bá tú nọ́ọ̀tì ilẹ̀kùn náà."

"Ọjọ́ Ajé, tí wọ́n lọ ra oògùn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá tuntun náà ń ṣiṣẹ́, mo tàn án lọ́wọ́ kó tó wọ páìpù." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ó lẹ́wà, màmá. Ó dà bí ẹni pé ọ̀run ya díẹ̀. Ó ń tàn sí mi lọ́wọ́, mo ń wò ó, mo ń rántí ẹ̀gbọ́n mi. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí n tó gbé ojú kúrò."

"Ogún ìṣẹ́jú!" Wẹ́dà di orí mú. "Ọlọ́run ló yọ yín!"

"Ìgbà tí ojú mi wá wú, tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kú, mo ní iná tó ṣe mí báyìí, ó ti pa wọ́n nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi ni mo pa wọ́n."

"Rárá," ni Má-kánjú sọ. "Ìmọ́lẹ̀ náà kò jáde nínú páìpù, kò débi tí ẹja wà. Àrùn tótótó yìí ló pa wọ́n. Ẹ gbọ́ mi, gbogbo yín. Ìmọ́lẹ̀ yìí dà bí ẹ̀ṣọ́ tó dúró sí ẹnubodè. Ẹni tó bá gba ẹnubodè ló lè mú. Kòkòrò àrùn tó ti wọ ara ẹja kì í gba ibẹ̀, ó jókòó sára ẹja ni, ó ń jẹun. Oògùn nìkan ló lè bá a níbẹ̀. Àmọ́ oògùn náà wà nínú omi, omi sì ń gba ẹnubodè lójoojúmọ́. Ẹ̀ṣọ́ ò mọ oògùn yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ó tú u ká."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Agbẹ̀bí lára ṣáájú àwọn yòókù.

"Ọjọ́ kan náà," ló sọ. "Ó fi iná tuntun sí i ní ọ̀sán, mo da oògùn sí i ní ìrọ̀lẹ́."

"Ọjọ́ kan náà. Tó bá jẹ́ iná ọdún méjì yẹn ló wà níbẹ̀, oògùn ì bá ṣiṣẹ́. Tí iná tuntun bá ti wà níbẹ̀ látọdún tó kọjá, bóyá àrùn náà kì bá tàn kálẹ̀ tó báyìí. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbé ìrànlọ́wọ́ wá, ẹ kò kàn sọ fún ara yín. Ọ̀gá, mi ò rí ọ̀daràn nínú ilé yìí."

Ọ̀gá àgọ́ gbé fìlà rẹ̀ padà sórí, ó tún yọ ọ́. "Kí ni mo wá máa kọ sínú ìwé?"

"Ẹ kọ ọ́ pé omi mọ́ jù."

Ìyá Agbẹ̀bí dìde. Ó rìn dé iwájú télọ̀, ó gba ọwọ́ méjèèjì tó ń bó náà mú, ó yí wọn padà, ó tún yí wọn padà, bí ẹni tó ń yẹ ìkókó wò bóyá ìka rẹ̀ pé.

"Ọkọ mi kékeré," ló sọ, "ẹ̀ bá ti jí mi ní òru tí ojú ń dùn yín. Ẹ mọ̀ pé mo ní ìpara."

Télọ̀ fẹ́ dáhùn, ẹkún ló jáde. Wẹ́dà yíjú sí fèrèsé, ó ní iná tó ń jó lójoojúmọ́ ló ń da òun lójú láàmú.

*

Wọ́n ò tan iná náà fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Omi wà ní búlúù, wọ́n ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ń da oògùn tuntun sí i. Ní ọjọ́ kẹrin, tótótó kan bọ́ kúrò lára Baba Àgbà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, kò kù ju mẹ́ta lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ lọ, Ìyá Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ló tan iná, télọ̀ dúró tì í, ìwé pélébé mìíràn sì wà lára páìpù tí wọ́n jọ kọ: ìgbà tó yẹ kó máa tàn, ìgbà tó yẹ kí wọ́n pa á, àti ìkìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fojú lásán wò ó.

Oṣù kan kọjá lẹ́yìn ìyẹn. Má-kánjú wà lẹ́nu ẹjọ́ mìíràn nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é pé kó wá kíákíá. Ohùn Ìyá Agbẹ̀bí lórí fóònù kò jọ ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò jọ ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Nígbà tó wọlé, Ìyá Agbẹ̀bí àti télọ̀ dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ pálọ̀, ikùn wọn kan ilẹ̀, wọ́n fi àgbọ̀n lé ọwọ́, wọ́n ń wo inú bàsíà gíláàsì kan. Wọ́n ti gbé ewé omi kan kúrò nínú àpótí sínú rẹ̀.

"Ẹ sún mọ́ ọn, màmá," ni télọ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ rọra o."

Má-kánjú bọ́ bàtà, òun náà dùbúlẹ̀. Ẹyin ló lẹ̀ mọ́ ewé náà, ó tó igba, ìkọ̀ọ̀kan kò tó orí abẹ́rẹ́, ó mọ́ bí omi.

"Ta ló yé e?"

Ìyá Agbẹ̀bí fi ìka tọ́ka sí inú àpótí ńlá, níbi tí Baba Àgbà ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bọ̀, tó gbé ìrù bí aṣọ ìyàwó. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ogójì ọdún ni mo fi gbẹ̀bí. Ogójì ọdún! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo sì fi ń pe obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi ní Baba."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ń mì. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Má-kánjú tún wo ẹyin náà, ó gbé awò ojú rẹ̀ sún mọ́ gíláàsì. Ohun kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó ká kò, ó ń gbọ̀n. Ó wò ó títí ó fi dá a mọ̀. Kòró dúdú méjì ló wà lórí rẹ̀, wọ́n kéré ju ohun gbogbo tó ti rí láyé rẹ̀ lọ.

Ojú ni. Igba ẹyin, irinwó ojú, gbogbo wọn ló ń wò wọ́n.